Ìfé Méjì Ni Dúró

Kò sí aṣọ líle tí Ìyá Kánópì kò lè rán. Tápólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ìbòòrùn iwájú ṣọ́ọ̀bù, àtíbàbà inú ọgbà, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ máṣíìnì rẹ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ ńlá ti sọ ìka rẹ̀ di pátákó, ahọ́n rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ju ìka lọ. Bí oníbàárà bá kó aṣọ hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ wá pé kó fi rán ìbòòrùn fún òun, á nà án síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó títí, á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi èyí bo oòrùn ni, àbí ẹ fẹ́ fi sẹ́ ẹ?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì lọ ra aṣọ gidi.

Ọkọ rẹ̀ ni àdúgbò ń pè ní Baba Súfèé. Ẹni tó bá bá a jókòó fún ìgbà díẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Bó bá ń fi ayùn gé irin, á máa súfèé. Bó bá ń wá ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀, á máa súfèé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, àfi bíi pé ó ti ná gbogbo èémí tó yẹ kó fi sọ̀rọ̀ tán sórí ìfé. Òun ló ń ṣe irin, ìyàwó rẹ̀ ń rán aṣọ, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ni wọ́n sì ti jọ ń ṣe é láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti ń rákòrò lábẹ́ tábìlì. Obìnrin lọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Tíṣà láti kékeré, nítorí ó fẹ́ràn láti máa tọ́ àgbà sọ́nà. Nígbà tó dàgbà, ó di tíṣà lóòótọ́, ó lọ́kọ, ó sì kó lọ sí ìlú kan létí òkun, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí tọkọtaya yìí fi lórúkọ jù ni ti àwọn bọ́ọ̀sì tí èèyàn ń sọ di ilé, tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí, tí wọ́n ń gbé sítóòfù sí, tí wọ́n sì fi ń rìnrìn àjò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni irin gbọọrọ kan máa ń wà, tí inú rẹ̀ ṣófo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, tó sì la ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Wọn á rán okùn mọ́ etí aṣọ ìbòòrùn, wọn á ti etí olókùn yìí bọ ihò irin láti ẹ̀yìn, wọn á sì máa fà á lọ síwájú títí aṣọ á fi rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bíi kọ́tìnì. Bí wọ́n bá wá fi òpó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn á gbé àga síbẹ̀, á máa gba atẹ́gùn.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹni kan ń tì, ẹni kan ń fà. Ìyá Kánópì ló máa ń tì. Á gun àkàbà lẹ́yìn ọkọ̀, á gbé gbogbo aṣọ náà lé orí àti èjìká, aṣọ á bò ó mọ́lẹ̀ débi pé kò ní rí ju ẹnu irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Baba Súfèé á wà níwájú, á máa fi okùn fà á. Aṣọ líle láriwo, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, nítorí náà ìfé ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìfé kan gbọọrọ: máa bọ̀. Ìfé kúkúrú méjì: dúró. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ méjì kò gbọdọ̀ mira títí yóò fi gbọ́ ẹyọ kan gbọọrọ. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn ṣì tutù, Ìyá Kánópì gbọ́ méjì, kò dúró, ó ní òun ò ní máa gbọ́ràn sí súfèé lẹ́nu bí ajá. Aṣọ oníbàárà ya láti etí dé àárín, wọ́n sì fi òru mélòó kan rán òmíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà. Dúró ni dúró.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ewú yọ lórí àwọn méjèèjì, Baba Súfèé sì lọ ra ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó ń rán ìbòòrùn fún arìnrìn-àjò náà yóò rìnrìn àjò. Ó tẹ́ ibùsùn sí i, ó kan àpótí mọ́ ọn, ó sọ ọkọ̀ náà ní Ìkarahun. "Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e," ló máa ń wí, á sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin ìbòòrùn nìkan ni kò rà ní tuntun. Àjẹkù méjì ló so pọ̀ ní àárín, oríkèé rẹ̀ sì hàn kedere. Ìyàwó rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Ó ní ẹni tó ń to irin gbọọrọ fún gbogbo ayé, tirẹ̀ ló wá lẹ́pọ̀. Baba Súfèé ní èèyàn pàápàá ní oríkèé, kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti rìn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán aṣọ ìbòòrùn náà wò, oòrùn mú ganrínganrín. Ìyá Kánópì gun àkàbà, ó gbé aṣọ lérí, ó ti etí rẹ̀ bọ ẹnu irin. Ó gbọ́ ẹyọ kan gbọọrọ, ó tì í. Kò tíì tì í ju bí gígùn apá kan lọ tó fi gbọ́ méjì.

Ó dúró.

Ó rò pé ọkùnrin náà ń fi ayùn ra oríkèé irin. Ó dúró síbẹ̀, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, apá ń ro ó. Nígbà tó yá, ó kùn pé, "Bàbá Tíṣà, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?" Kò gbọ́ ẹyọ kan gbọọrọ. Kò mira. Ìgbà tí apá rẹ̀ kò lè gbé aṣọ náà mọ́ ló tó sọ̀ kalẹ̀, ìbínú ló sì fi yí ọkọ̀ po, ó ti ka èébú tó fẹ́ bú u sẹ́nu. Ó bá a níbi tó fẹ̀yìn ti táyà iwájú, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó di okùn mú, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ká jọ. Ara rẹ̀ ti ń tutù. Dókítà ní ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní irú rẹ̀ kì í pẹ́. Àmọ́ nígbà tí obìnrin náà bi í bóyá ẹni tó tètè dé ibẹ̀ lè rí nǹkan ṣe, dókítà tún bàtà rẹ̀ dè kó tó dáhùn, ó sì ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ohun tó ń jẹ Ìyá Kánópì lọ́kàn láti ọjọ́ náà kò ju ọ̀kan lọ. Ìfé méjì yẹn, ṣé aṣọ ló ní kí òun dá dúró ni, àbí òun ló ń pè?

Ó fa aṣọ náà yọ, ó ká a, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú okùn rẹ̀. Wọ́n sin Baba Súfèé. Àlejò tú ká, Tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé wá dákẹ́ bí ilé tí kò gbọ́ súfèé rí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, atẹ́gùn dìde láti ẹ̀yìn ilé, Ìyá Kánópì sì gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Fíìn-fíìn.

Àwo tó ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde, kò rí ẹnì kankan, àfi Ìkarahun tó dúró síbi tí wọ́n fi í sí, tí irin orí rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Atẹ́gùn tún fẹ́. Fíìn-fíìn. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀ pé atẹ́gùn ló ń gba inú irin kọjá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọkọ rẹ̀ náà. Irin tí ọwọ́ rẹ̀ gé, tí ọwọ́ rẹ̀ so, ibi tó dákẹ́ sí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Dúró ló sì ń wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dúró. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kò gba iṣẹ́ ọkọ̀ arìnrìn-àjò mọ́, tápólì akẹ́rù nìkan ló ń rán. Kì í sun ibòmíràn. Ní ọjọ́ tí kò bá sí atẹ́gùn, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, á máa jáde á máa wọlé. Oníbátìrì tó ń gbé ní òdìkejì, tó ń bá a tanná sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kó má baà kú, ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Kánópì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi àkísà dí ihò yẹn, ó ń da àwa náà láàmú." Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní, "Tẹ́nìkan bá fi àkísà dí ẹnu bàbá tìẹ, ṣé wàá dúpẹ́?" Oníbátìrì kò dárúkọ àkísà mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ni ti Tíṣà. Ó lóyún àkọ́kọ́, oyún náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé, ó ní, "Màámi, ẹ wá." Ìyá Kánópì kó aṣọ sínú báàgì kíá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó rìn dé géètì. Atẹ́gùn fẹ́. Fíìn-fíìn. Ó gbé báàgì sílẹ̀ pé kó kàn tẹ́tí díẹ̀. Ó rántí pé ìgbà kan wà tí òun gbọ́ ìfé yìí tí òun kò lọ wo ẹni tó ń sú u. Ó jókòó ti báàgì. Ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀. Tíṣà pàdánù oyún náà, kò sí ẹbí kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lórí fóònù bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́: ṣé dáadáa lẹ wà mà, ó dàbọ̀ mà.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, takisí kan dúró lẹ́nu géètì, Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Kánópì wò ó láti ojú fèrèsé. Ikùn ló kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú.

"Ẹ káàsán, Màámi."

"O ò sọ fún mi."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú yín rí i ni. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní ẹ̀ ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Kánópì lára, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó béèrè bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun. Tíṣà dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹnu bọ ohun tó gbé e wá. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ òun ní, ìyá rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé ṣófo. Wọn á gbé Ìkarahun síbẹ̀. Ìyá á máa sùn nínú rẹ̀, wọn á ta ìbòòrùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé máṣíìnì sábẹ́ rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà á di tirẹ̀ nìkan. Ọkọ òun kò ní tíì dé nígbà tí òun bá máa bímọ. Òun fúnra òun ni yóò wa ọkọ̀ náà lọ.

"Ọkọ̀ yẹn ò lè lọ," ni Ìyá Kánópì wí.

"Kí ló ṣe é? Ṣebí Oníbátìrì ń tanná sí i."

"Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan."

Àfi bíi pé atẹ́gùn náà ń dúró de kí wọ́n pe òun. Fíìn-fíìn. Tíṣà yíjú sí fèrèsé, ife omi lọ́wọ́.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo gbọ́. Ó jọ ọ́. Ara bù mí máṣọ. Àmọ́ atẹ́gùn ni, Màámi. Irin méjì ni Bàámi so pọ̀, kálukú ń dún tiẹ̀."

"Ṣé mo ya wèrè ni? Mo mọ̀ pé atẹ́gùn ni. Àmọ́ dúró ló ń wí, o ò lè sọ pé dúró kọ́ ló ń wí. Ó ti ń wí i látọjọ́ yẹn, kò tíì sọ èyí tó máa ń tẹ̀ lé e."

Tíṣà gbé ife sílẹ̀. Ó jọ pé gbogbo ojú ọ̀nà ló fi ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ, kó lè dé ibẹ̀ kó tú u jáde.

"Bàámi pè yín, ẹ dúró. Èmi náà pè yín, ẹ dúró. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, Màámi. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, mo máa ń gbórí sókè, mo máa ń rò pé ẹ̀yin ni. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní ìyá mi ni, ó ti wà lọ́nà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mi ò lè dá nìkan ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò lè ṣe é."

Ìyá Kánópì kò mọ ibi tí yóò wò. Ó wo máṣíìnì, ó wo ìka rẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó ti ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tipẹ́ pé òun kò dá ẹnikẹ́ni lóró, pé òun kàn dúró ni.

"Tíṣà," ló wí nígbẹ̀yìn, "o ti ń pariwo jù. Ọmọ inú ẹ á rò pé kíláàsì ni wọ́n gbé òun wá." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó dojú bolẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ aṣọ ìbòòrùn náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bá mi gbá eruku yìí. A ò lè gbé irin tó ṣófo gba ojú títì. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, dúró, dúró ni á máa wí fún mi títí dé ilé ẹ. Mi ò ní dé ibẹ̀ láàyè. Aṣọ la ó kọ́kọ́ fi sí i. Tó bá wọlé tán, a ó ká a sókè, a ó dè é, ká máa lọ."

Wọ́n tú aṣọ náà síta. Ojú kíká ti funfun lára rẹ̀. Okùn ìfà ṣì wà ní igun rẹ̀, pẹ̀lú kókó tí Baba Súfèé ta, kókó rẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í lè tú. Ìyá Kánópì fi àtàǹpàkò fọwọ́ kàn án, kò tú u. Ó fi orí okùn han ọmọ rẹ̀.

"Má gun nǹkan kan o. Ilẹ̀ ni kó o dúró, kó o máa fà á pẹ̀lẹ́. Tó bá rẹ̀ ọ́, jù ú sílẹ̀."

"Ṣé kí n máa súfèé?"

"O mọ̀ ọ́n?"

"Bàámi kọ́ mi títí ó sú wọn. Itọ́ nìkan ló ń jáde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ikùn. Ìyá Kánópì wá gun àkàbà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé aṣọ lérí. Òórùn kan náà ni. Òkùnkùn gbígbóná kan náà ni, ẹnu irin kan náà ló wà níwájú rẹ̀. Ó ti okùn ìfà gba inú ihò, ó ti etí aṣọ tẹ̀ lé e, ó sì nímọ̀lára pé ẹnìkan gbá okùn náà mú ní ìhà kejì, ó ń fà. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ariwo rẹ̀ sì kún etí rẹ̀.

Atẹ́gùn fẹ́. Fíìn-fíìn.

Ara rẹ̀ ti dúró kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ di aṣọ mú gírígírí. Okùn iwájú pẹ̀lú ti dúró, ẹnikẹ́ni kò fà á mọ́.

"Tíṣà?"

Kò sí ìdáhùn. Aṣọ ń pariwo lórí rẹ̀. Ó dúró. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ náà, apá sì ń ro ó gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ náà. Ó mọ òfin. Ìgbésí ayé rẹ̀ pátá ló fi pa òfin náà mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ méjì kò gbọdọ̀ mira.

Ó sọ aṣọ sílẹ̀. Ó bó o kúrò lórí bí ẹni tí oyin ń ta, ó bẹ́ sílẹ̀ lórí àkàbà, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò wò ó, ó sáré yí ọkọ̀ po pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán.

Tíṣà wà lórí ìdúró. Ó fi ọwọ́ kan di okùn, ó fi èkejì tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn.

"Kí ló dé, Màámi? Ọmọ ló ta mí nípàá, mo ní kí n mí díẹ̀." Ó ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín kó tó rí ojú ìyá rẹ̀.

Ìyá Kánópì gbá a mú. Ó fi ìka líle yẹn kan ojú rẹ̀, ó kan ẹnu rẹ̀, ó kan ọrùn rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ. Ó gbóná. Gbogbo rẹ̀ gbóná.

"Ó yẹ kí n ti wá wò wọ́n," ló ń wí. "Lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n sọ aṣọ sílẹ̀ kí n wá wò wọ́n."

"Ẹ ò mọ̀, Màámi."

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ ó yẹ kí n wá wò."

Tíṣà tó fẹ́ràn láti máa tọ́ àgbà sọ́nà kò tọ́ ọ sọ́nà níbi yìí. Ó jẹ́ kó sunkún náà tán. Ó bá a lọ mú sálúbàtà rẹ̀ wá, ó di àkàbà mú fún un, ó sì padà síwájú.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tún fẹ́, irin tún dún lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Kánópì sì ń tì í lọ. Gbogbo ìgbà tó bá dún ni èékánná rẹ̀ ń wọ inú aṣọ, ṣùgbọ́n ó ń tì í. Nígbà tí aṣọ dé oríkèé tó wà láàárín, ó há.

"Kò lọ mọ́!" ni Tíṣà ké.

"Fà á sókè díẹ̀ kó o tó fà á síwájú! Sókè!"

Ó jà, ó yọ, ó sì wọ irin kejì. Irin ẹ̀yìn ti kún fún aṣọ wàyí, iwájú nìkan ló kù tó ṣófo. Àwọn méjèèjì sinmi díẹ̀ láti mí. Atẹ́gùn dìde lẹ́yìn ilé, ó gba orí òrùlé kọjá, ó dé ara ọkọ̀.

Fíììììììn.

Ẹyọ kan. Gbọọrọ. Kò já láàárín, ó lọ sókè díẹ̀ ní ìparí bí Baba Súfèé ṣe máa ń ṣe é.

"Màámi." Ohùn Tíṣà wá láti ìhà kejì aṣọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́. "Màámi, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó yé e lórí àkàbà náà, ó sì dùn ún débi tó fi gbé orí lé irin. Irin méjì ní ohùn méjì. Kí ọ̀kan tó lè dá sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn fi aṣọ dí èkejì lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ tó fi jókòó sójú fèrèsé tó ń dúró de máa bọ̀, kò sí bí irin náà ṣe lè wí i fún un. Ó yẹ kó ti kọ́kọ́ tì í ná.

Ó sì yé e pé ohùn náà kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bó bá dúró síbi tó wà yìí, tí aṣọ kò lọ síwájú mọ́, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa gbọ́ ọ báyìí, ẹyọ kan gbọọrọ, èyí tó ti ń wá. Ẹnikẹ́ni kò ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n máa bọ̀ ni ohùn náà ń wí, kò sì sí bó ṣe lè gbọ́ràn sí i láìpa á lẹ́nu mọ́.

"Ṣé kí n dúró ni?" ni Tíṣà béèrè.

"Rárá. Ó ní ká máa bọ̀. Fà á."

Ó tì í. Bí aṣọ ti ń jẹ irin lọ síwájú, ohùn náà ń ga sí i, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bí ẹni tó ń súfèé tó ń jìnnà lọ. Ọmọ ń fà, ìyá ń tì, omijé ń kán sí aṣọ. Nígbà tó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ohun tó ṣẹ́kù kò ju èémí lọ. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì ti èyí tó kù wọlé.

Atẹ́gùn tún fẹ́. Aṣọ náà gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ìyá Kánópì sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó ti táyà iwájú, níbi tó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lábẹ́ òjìji ìbòòrùn tí àwọn méjèèjì jọ ṣe. Ó tẹ́tí títí oòrùn fi wọ̀. Tíṣà jókòó tì í.

Láàárọ̀, wọ́n ká aṣọ náà sókè, wọ́n dè é, wọ́n gbé máṣíìnì wọ inú ọkọ̀. Oníbátìrì wá júwọ́ sí wọn láti òdìkejì. Tíṣà tanná sí ẹ́ńjìnnì, Ìyá Kánópì sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, báàgì lórí itan.

"Màámi, ẹ bá mi wo dígí ẹ̀gbẹ́ yín. Ṣé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn?"

Ìyá Kánópì wo dígí. Ó rí irin gbọọrọ náà tó ti pa ẹnu dé, ó rí ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ó rí fèrèsé tó ti tì. Ó wò ó pẹ́ ju bí awakọ̀ ṣe ń fẹ́ lọ, títí Tíṣà fi yíjú sí i.

"Kò sẹ́nì kankan," ló wí. "Máa lọ."